Ìwé tí mo pín níbi òkú bàbá mi: ṣé ó ti dí mi lọ́nà ẹ̀bùn Sillerman?

ỌmọẸlẹ́mu (Ìjọ́kà, Àkúrẹ́) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi nípa ẹ̀bùn ìwé ewì kan tí wọ́n ń pè ní Sillerman. African Poetry Book Fund ló ń ṣètò rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà ló sì ń tẹ ìwé ẹni tó bá gbà á. Ọdọọdún ni. Dọ́là 1,000 ni wọ́n ń fúnni, pẹ̀lú ìwé títẹ̀. Ọmọ Áfíríkà tí kò tíì ní ìwé ewì kankan níta ni wọ́n ń wá, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ díje. Ojú ìwé 50 ó kéré tán ni wọ́n ń béèrè. Tèmi jẹ́ 58.

Ibi tó ti lọ́jú pọ̀ nìyí. Ẹlẹ́mu ni bàbá mi. Ọdún kejì rèé tí wọ́n já bọ́ lórí ọ̀pẹ, wọn ò sì dìde mọ́. Nígbà ìsìnkú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ra abọ́ àti táwẹ̀lì tí wọ́n máa pín fún èrò. Èmi ò lówó abọ́. Mo bá kó ewì tí mo ti ń kọ nípa bàbá mi jọ, ó tó ojú ìwé 32, mo lọ tẹ ẹ̀dà 200 ní Arákàlẹ̀, mo sì ń pín in bí àwọn yòókù ṣe ń pín abọ́. Àwọn kan gbà á, wọ́n fi owó lé mi lọ́wọ́: igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àǹtí mi kan fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Lẹ́yìn òkú, mo gbé ẹ̀dà 10 lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ìwé nítòsí géètì FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n ti ta 4.

Ṣé mo ti ní ìwé níta báyìí, àbí n kò ní? Ìbéèrè kejì: Yorùbá ni gbogbo ewì náà. Ṣé kí n túmọ̀ ọ̀, àbí kí n máa wò wọ́n níran?

Atẹ̀wéArákàlẹ̀ · 9:31 alẹ́

Àbúrò, ṣé ìwé aláwọ̀ ewé yẹn ni, tí àwòrán ọ̀pẹ wà níwájú rẹ̀? Ẹ̀rọ mi ló tẹ̀ ẹ́! Mi ò lè gbàgbé, nítorí àmì orí ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ náà. Fáìlì tó o gbé wá, bí mo ṣe ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí, gbogbo ẹ àti ọ tó ní àmì lórí di àpótí kéékèèké. “Ọ̀pẹ” di àpótí, p, ẹ. A jókòó síbẹ̀ títí di aago mọ́kànlá, ìwọ ń pè é, èmi ń tún un tẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Tó o bá máa fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di PDF, kó o sì rí i pé fọ́ọ̀ntì wọ inú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àpótí ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ní ti òfin wọn, mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ṣé o rántí pé o ní kí n kọ N1,000 sí ẹ̀yìn ìwé náà?

ỌmọẸlẹ́mu · 9:36 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o. Mo ní kí ẹ kọ ọ́ kó lè jọ ìwé gidi ni.

AyéŃLọ · 9:40 alẹ́

Kí ló wá le níbẹ̀? Ta ni yóò mọ̀ ní Nebraska pé o pín ìwé níbi òkú ní Àkúrẹ́? Yọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, fi ránṣẹ́, kó o sì dákẹ́. Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí ẹ̀ ń fi òótọ́ pa ara yín síbẹ̀.

TíṣàÀgbàOǹdó · 10:02 alẹ́

AyéŃLọ, ìwọ náà kú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ o. Ọmọ náà ò tíì kówó, o ti ń kọ́ ọ ní irọ́.

ỌmọẸlẹ́mu, ẹ kú ìdárò bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo jókòó ka òfin ìdíje náà lálẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin ló bá mi ṣí i lórí fóònù. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì tẹ ìwé ewì jáde ni wọ́n ń fún. Wọ́n sì ṣàlàyé pé ìwé tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n ń kà sí ìwé, tó bá ti tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ní ilé ìtàwé, tàbí níbi tí wọ́n ti ń ké ewì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò: títà. Wọn ò dárúkọ pínpín. Ohun tí o ṣe níbi òkú, lójú tèmi, ìfúnni ni, owó tí èèyàn sì fi lé ọ lọ́wọ́, owó ìbánikẹ́dùn ni. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹni tó na owó sí olókùú ra olókùú. Ibi tí o ti fọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀dà 4 kéré, àmọ́ títà ni.

Ní ti èdè, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń gba ìtumọ̀ láti èdè míì. Bí ẹlòmíì bá bá ọ túmọ̀ rẹ̀, wọ́n máa yọ lára owó ẹ̀bùn náà fún ẹni yẹn. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ó pẹ́ tí àwọn atúmọ̀ èdè ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ wa.

ỌmọÌdànrè_LókèÒkun · 10:47 alẹ́

Mo ń kí gbogbo ilé. Òtútù ń pa wá níbí.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i díẹ̀, nítorí mo ti bá ilé ìtẹ̀wé yunifásítì kan níhìn-ín ka ìwé fún ìdíje tiwọn rí, kì í ṣe èyí tí à ń sọ yìí. Àwọn tí wọ́n ń pè ní akọ́kàwé ni èmi. Adájọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí pátákó kì í ka gbogbo rẹ̀. Àwa la máa kọ́kọ́ kà á, a ó yọ díẹ̀ fún un. Wọ́n fi ìwé 60 lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n mú 6 wá. Kò sí orúkọ lára èyíkéyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kà á, nínú bọ́ọ̀sì, nílé, ní yàrá ìfọṣọ.

Ohun tí mo rí nìyí. Ewì dáadáa pọ̀. Ìwé dáadáa ò pọ̀. Ẹnì kan lè ní ewì 40 tó dùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jáde níbi gidi, tí gbogbo rẹ̀ sì jókòó bí èrò inú bọ́ọ̀sì tí wọn ò mọ ara wọn. Ẹlòmíì ní ewì tó lálèébù, àmọ́ tó o bá ti wọ inú ìwé rẹ̀, o ò ní í lè jáde. Ẹ̀kejì ni mo máa ń mú. ỌmọẸlẹ́mu, ìwé nípa bàbá kan tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ ti ní òpó tó gbé e ró tẹ́lẹ̀. Má lọ kó ewì ìfẹ́ àti ewì ìbò ààrẹ kún un torí pé o fẹ́ kó pé 50.

Ohun mìíràn: wò ó bóyá orúkọ rẹ wà nínú ewì. Àwa Yorùbá máa ń dárúkọ ara wa lópin ewì, a máa ń ki ara wa. Níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé láìmọ ẹni tó kọ ọ́, wàhálà ni.

ỌmọẸlẹ́mu · 11:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè, ẹ ti mú mi. Ewì kẹta, oríkì ìdílé wa lódindi ló wà níbẹ̀, orúkọ bàbá bàbá mi, orúkọ agboolé, gbogbo ẹ̀ pátá. Kí n yọ ọ́?

ỌmọÌdànrè_LókèÒkun · 11:11 alẹ́

Fi oríkì sílẹ̀, yọ orúkọ tìrẹ nìkan. Akọ́kàwé tó bá lè fi oríkì agboolé kan ní Àkúrẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ẹ tètè lọ kí i.

ArẹwàAkùngbá · Ọjọ́rú, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ máa ṣọ́ra pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní ẹ̀bùn ewì. Lọ́dún tó kọjá, mo rí ìdíje kan lórí WhatsApp. Owó ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún méje. Mo san án. Lóṣù kan, wọ́n pè mí: “O ti wọlé!” Inú mi dùn, mo sọ fún màmá mi, màmá mi sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ìwé tí wọ́n máa tẹ ewì wa sí, èmi tí mo jáwé olúborí gbọ́dọ̀ ra ẹ̀dà 50. Mo bi wọ́n pé ta wá ni kò jáwé olúborí. Wọn ò dá mi lóhùn. Mo ka orúkọ nínú gúrúùpù tí wọ́n kó wa sí, a jẹ́ 112 tí a jáwé olúborí.

Ẹ̀gbọ́n ỌmọẸlẹ́mu, ṣé ó dá yín lójú pé èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn?

Olùkọ́Kékeré · 8:20 àárọ̀

Àbúrò mi Arẹwà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹgbẹ̀rún méje lọ́nà 112, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, kí a tó fi owó ẹ̀dà 50 lé e. Ọjà gidi ni wọ́n ń tà.

Ó yàtọ̀ sí Sillerman. Ọdún 2012 ni wọ́n dá African Poetry Book Fund sílẹ̀, Kwame Dawes ló ṣíwájú, akéwì tí wọ́n bí ní Gánà tó dàgbà ní Jàmáíkà. Laura àti Robert Sillerman ló fi owó sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí wọn kì í fi í gba owó lọ́wọ́ yín. Clifton Gachagua láti Kẹ́ńyà ló kọ́kọ́ gbà á. Tares Oburumu, ọmọ Nàìjíríà tiwa, gbà á lọ́dún 2022. Ìwé gbogbo wọn wà níta, ẹ lè rí i kà.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gba owó ni jìbìtì. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé yunifásítì ní Amẹ́ríkà ń gba owó ìkàwé lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ díje, nítorí owó yẹn ni wọ́n fi ń san owó adájọ́ àti owó títẹ̀. Ewì kì í tà. Ohun tí ẹ máa fi mọ̀ wọ́n ni pé ẹnì kan péré ló máa ń wọlé, kì í ra ìwé ara rẹ̀, ẹ sì lè ka ìwé ẹni tó wọlé lọ́dún tó kọjá àti ọdún tó ṣíwájú rẹ̀.

Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni ti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Yale, tó ń wá akéwì ọ̀dọ́ láti ọdún 1919. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láti 1947, akéwì W. H. Auden ni adájọ́ wọn. Lọ́dún 1955 ó ka gbogbo ìwé tí wọ́n kó fún un, ó ní kò sí èyí tó tó. Ó wá gbọ́ pé akéwì ọ̀dọ́ kan, John Ashbery, fi ìwé sílẹ̀, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ń kà á ti dà á nù kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ó ránṣẹ́ sí i, ó mú un. Lónìí, ta ni kò mọ Ashbery láàárín àwọn tó ń ka ewì Gẹ̀ẹ́sì? Ọmọ Ìdànrè, ẹ̀yin akọ́kàwé, ẹ máa bẹ̀rù Ọlọ́run o.

ỌmọÌdànrè_LókèÒkun · 8:33 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń bẹ̀rù. Títí di òní mo ṣì máa ń ronú nípa ìwé kan nínú àwọn 54 tí mo dá padà. Obìnrin kan tó ń kọ ewì nípa iyọ̀. Kò sí orúkọ, mi ò lè wá a rí.

Atẹ̀wéArákàlẹ̀ · 8:41 àárọ̀

Kí ló dé tí yunifásítì tiwa ò ní irú ẹ̀? Ṣé kò sí ìtẹ̀wé níbẹ̀ ni? Tí wọ́n bá ní kí n wá tẹ̀ ẹ́, mo máa ṣe é ní ẹ̀dínwó.

Olùkọ́Kékeré · 9:15 àárọ̀

Ìtẹ̀wé wà. Ohun tó ń tẹ̀ ni ìwé ẹ̀kọ́, jọ́nà àti ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé tí olùkọ́ fi ń gba ìgbéga ló ń gbé owó wọlé. Ta ló máa fi ewì gba ìgbéga? Ẹ̀bùn tó tóbi nílẹ̀ wa ni ti iléeṣẹ́ gáàsì NLNG, dọ́là 100,000, àmọ́ ìwé tó ti jáde tán ni wọ́n ń fún, ewì sì ń gba yípo pẹ̀lú eré oníṣe, ìtàn àròsọ àti ìwé ọmọdé. Tádé Ìpàdéọlá gbà á lọ́dún 2013, Romeo Oriogun lọ́dún 2022. Ẹni tí kò tíì rí ẹni tẹ ìwé rẹ̀, NLNG ò mọ̀ ọ́n. Àlàfo yẹn gan-an ni irú Sillerman ń dí. Ká ní olówó kan ní Alágbàká lè fi owó ìnáwó ọjọ́ ìbí kan sílẹ̀ sí báńkì kí èlé rẹ̀ máa tẹ ìwé ewì Yorùbá kan lọ́dún… ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ mi.

AyéŃLọ · 12:08 ọ̀sán

Ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ o. Mo ṣì dúró lórí tèmi: ẹ̀dà 4, ta ló máa mọ̀?

ArẹwàAkùngbá · 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, èmi mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ “ẹlẹ́mu, ìwé ewì, Àkúrẹ́” lórí Facebook báyìí. Àwòrán ìwé náà ló kọ́kọ́ jáde. Aláwọ̀ ewé, ọ̀pẹ níwájú. Ẹ wo ohun tí ẹ̀gbọ́n ỌmọẸlẹ́mu kọ sábẹ́ ẹ̀: “Ó ti wà lórí àtẹ! N1,000 péré!” Èèyàn 83 ló tẹ “mo fẹ́ràn rẹ̀”.

ỌmọẸlẹ́mu · 12:19 ọ̀sán

Háà. Mo ti gbàgbé èyí pátápátá.

TíṣàÀgbàOǹdó · 1:30 ọ̀sán

Má yọ ọ́. Bí o bá yọ ọ́ nísinsìnyí, irọ́ ló máa jọ.

Kọ lẹ́tà sí wọn. Ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: òkú bàbá, ojú ìwé 32, ẹ̀dà 200, 4 tí wọ́n tà. Ojú ìwé 32 kò tó ìwé kíkún lójú tiwọn. Irú ìwé pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, àwọn oníwé ewì ní Amẹ́ríkà máa ń yà á sọ́tọ̀ sí ìwé gidi. Àwọn African Poetry Book Fund fúnra wọn ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ àwọn akéwì tuntun sínú páálí kan lọ́dọọdún. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà wà. Àmọ́ àwọn ló máa sọ ọ́, kì í ṣe èmi, kì í ṣe AyéŃLọ. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

Ó yá, fi ewì kan hàn wá. A ti ń jà lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà.

Atẹ̀wéArákàlẹ̀ · 1:34 ọ̀sán

Èmi kà á o. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo sunkún nígbà kejì, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ àpótí ni mò ń kà.

ỌmọẸlẹ́mu · 2:10 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Màá kọ ọ́. Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ ewì kìíní, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtumọ̀ ti dá mi dúró láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá:

*Igba náírà ni igbá ẹmu kan*
*lọ́jọ́ tí igbà já.*
*Ìgbà ń bẹ níwájú, igbà ò sí mọ́.*

Igba, igbá, igbà, ìgbà. Iye owó, ohun tí a fi ń mu ún, ohun tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àti ọjọ́ tó ń lọ. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Nígbà tí bàbá mi bá ń bọ̀ láti oko, wọ́n á fi igbà kọ́ èjìká, igbá á máa mì lọ́wọ́, wọ́n á ti máa ṣírò iye igba tí àwọ́n máa rí. Gbogbo ayé wọn wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Mo gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó di “two hundred”, “calabash”, “rope”, “time”. Èèyàn mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan.

TíṣàÀgbàOǹdó · 2:41 ọ̀sán

Ẹ wò ó. Ọmọ yìí ń kọ ewì.

Mo kà á sókè, mo sì kà á ní ohùn Oǹdó. Lẹ́nu tiwa, ugbá ni, ùgbà ni, bí ilé ṣe ń jẹ́ ulé tí iṣu ń jẹ́ uṣu. Ó ṣì dún bákan náà, ó tilẹ̀ wúwo sí i. Ṣé o ti gbìyànjú láti kọ ọ́ bí bàbá rẹ ṣe ń sọ ọ́? Yorùbá tó o kọ yìí, Yorùbá ilé ìwé ni. Èmi náà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 31, mi ò bú u. Àmọ́ mi ò rò pé ẹlẹ́mu Àkúrẹ́ kan sọ “ìgbà” rí lórí ọ̀pẹ.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, má bẹ̀rù rẹ̀. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tiwa níbí, Yorùbá ló kọ. Ṣóyínká ló túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968. Ẹni tó bá ka méjèèjì mọ̀ pé Ṣóyínká ò tẹ̀ lé Fágúnwà lẹ́sẹ̀-n-tẹ̀-lẹ́sẹ̀. Ó ń bá a jó ni.

ỌmọÌdànrè_LókèÒkun · 4:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Mo ti ka ìlà mẹ́ta yẹn bí ìgbà mẹ́wàá.

Má wá bí igba àti igbá ṣe máa bá ara wọn mu ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò ní í bára wọn mu. Wá ibi tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé àkókò “ran out”, ó sì lè sọ pé okùn “ran out”. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì, igbà àti ìgbà. Gbé e síbẹ̀ wò. Èyí tó bá sọnù níbi owó àti igbá, jẹ́ kó sọnù.

ỌmọẸlẹ́mu · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ó dára. Ó dára gan-an, mo dìde dúró nígbà tí mo kà á. Àmọ́ nǹkan kan ò jẹ́ kí n lè gbà á. Tí okùn bá “run out”, ó tán ni. Igbà bàbá mi ò tán. Ó já. Mo rí i lọ́wọ́ wọn, tuntun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni. Ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ló já.

ỌmọÌdànrè_LókèÒkun · 5:24 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́. Jẹ́ kó já nígbà náà. Àkókò náà lè já. Gẹ̀ẹ́sì ò sọ bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lónìí.

ArẹwàAkùngbá · 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti bà mí lọ́kàn jẹ́, mo sì wà nínú kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ewì ojú ìwé 31, Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́, mi ò tíì tà á, mi ò sì gbé e sórí Facebook. Ṣé kí n yára kọ 19 kún un kí ó tó di oṣù Kejìlá?

TíṣàÀgbàOǹdó · 5:52 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, má bu omi lu ẹmu. Tí ó bá pé lọ́dún tó ń bọ̀, ó pé. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń ṣílẹ̀kùn.

Olùkọ́Kékeré · 7:30 alẹ́

ỌmọẸlẹ́mu, bí o bá nílò ẹni tó máa bá ọ túmọ̀ rẹ̀, mo mọ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa ní Oǹdó. Màá bi í kí n tó fi ọ́ mọ̀ ọ́n. Kí ẹ kọ àdéhùn ìpín owó sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó bá dé.

AyéŃLọ · 8:02 alẹ́

Mo ka ìlà mẹ́ta yẹn. Mo gba ẹnu mi padà. Kọ lẹ́tà yẹn.

ỌmọẸlẹ́mu · Ọjọ́bọ̀, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti fi ímeèlì ránṣẹ́ ní ọ̀sán yìí. Mo kọ gbogbo rẹ̀, títí dé N1,000 tó wà lẹ́yìn ìwé, títí dé Facebook. Tíṣà bá mi ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣeun, mà. Ewì kìíní, mo ti ń tún un kọ bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó le ju bí mo ṣe rò lọ. Nǹkan márùn-ún ló wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ pe màmá mi lórí fóònù bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Láti ibẹ̀ mo gba géètì FUTA lọ kó àwọn ẹ̀dà tó kù, kó má baà di pé mo ń tà á nígbà tí mo ń dúró de èsì. Ẹ̀dà 6 ló yẹ kó kù. Mo kà á, 5 ni mo bá. Mo bi ìyá náà. Wọ́n ní ọkọ àwọ́n ló ń kà á nílé, kò tíì parí rẹ̀, kí n má tíì gbà á.

Atẹ̀wéArákàlẹ̀ · 6:17 ìrọ̀lẹ́

Ṣé ó sanwó?

ỌmọẸlẹ́mu · 6:18 ìrọ̀lẹ́

Kò san kọ́bọ̀.

Atẹ̀wéArákàlẹ̀ · 6:18 ìrọ̀lẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Sọ fún un kó má san án o.